Bàtà Tí Ó Fẹ́ Ṣí Òkun

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá wọ ọ́fíìsì ìjòyè kan, tí ẹ bá àga rẹ̀ níbẹ̀ lásán, tí kò sí ẹni lórí rẹ̀, ṣé ẹ máa kí àga náà? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní Fumbani, erékùṣù tí wọ́n bí mi sí, a kí àga. A fi ọ̀wọ̀ kí i, a tún bi í bó ṣe sùn.

Àga Mheshimiwa Shaame Khatib ni. Mheshimiwa ni à ń pe ẹni ńlá lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì máa ń tó fún ẹlòmíì. Ti Shaame yàtọ̀. Bí ẹ bá pè é lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́. Bí ẹ bá pè é lẹ́ẹ̀mejì, á yí ọrùn díẹ̀ bí ẹni tí eṣinṣin bà lé. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kó tó rántí pé òun ní etí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í ṣe alákòóso erékùṣù wa ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti gùn sí i. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké "Mheshimiwa, Mheshimiwa, Mheshimiwa," kó tó wá ké "Iná o!"

Mi ò sọ èyí láti bú ọmọ ẹnikẹ́ni. Mo ti ṣe àlùwàlá kí n tó jókòó sídìí ọ̀rọ̀ yìí, òtítọ́ kì í sì í ba àlùwàlá jẹ́.

Ọmọ Fumbani ni Shaame. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà tó bí i. Bi Kidawa, aládùúgbò wọn (Bi ni à ń fi bọ̀wọ̀ fún obìnrin lọ́dọ̀ wa), ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Mwanakheri nígbà náà, òun ló sì gbé Shaame sáyà. Mwanakheri lọ́mú ọ̀tún, Shaame lọ́mú òsì. Nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tí ẹ jọ mu ọmú ìyá kan, ọmọ ìyá yín ni. Ẹ kò lè fẹ́ra yín, ẹ kò sì gbọdọ̀ sẹ́ra yín. Orí àpáta òkun ni Bi Kidawa ti kọ́ àwọn méjèèjì ní ìrìn, nígbà tí omi bá fà, tí òun ń fi ọ̀pá irin wá pweza nínú ihò. Pweza ni ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí kò léegun, tí orí rẹ̀ rí bí àpò. Òun ni iṣẹ́ àwa obìnrin Fumbani. Àwọn ọkùnrin ń wọkọ̀ lọ sójú agbami. Àwa ń fẹsẹ̀ rìn lórí àpáta, omi á mù wá dé orúnkún, a ó máa yọjú wo ihò.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Shaame lọ sí ìlú ńlá tó bọ̀, ó ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ pweza. Wọ́n gbé e síwájú rẹ̀ nínú ọbẹ̀ àgbọn, ó fi fọ́ọ̀kì yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Irú ẹranko wo nìyí?" ló bi wọ́n.

Pandu, akọ̀wé rẹ̀, fò sókè. "Mheshimiwa, Mheshimiwa, Mheshimiwa, ẹranko àwọn mẹ̀kúnnù ni."

Shaame jẹ abọ́ kan, ó jẹ ìkejì, ó gbé ìkẹta. Ó ní ìwádìí lòun ń ṣe.

Pandu yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Bí Mheshimiwa bá sín, Pandu á ní irú sísín bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé. Bí Mheshimiwa bá dákẹ́, Pandu á yíjú sí wa, á ní, "Ẹ gbọ́ ọgbọ́n!" Kì í ṣe èèyàn burúkú, ọmọ ló pọ̀ sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ahọ́n lá bàtà, kò ní pẹ́ tí kò fi ní mọ adùn ọbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àpáta. Ọdọọdún la máa ń ti apá kan rẹ̀ pa, kí pweza lè dàgbà, kí wọ́n sì bímọ. Ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ ẹ́. Tí àkókò bá tó, tí oṣù tuntun lé, tí omi fà jìnnà, a ó ṣí i. Ẹsẹ̀ obìnrin tó dàgbà jù nínú àwa ọlọ́pweza ló máa kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kankan kì í ṣáájú rẹ̀, ìbáà ṣe ìyàwó imáàmù. Á bọ́ bàtà, á ní "Bísímílàhì," á gbé ẹsẹ̀ lé e, àwa yòókù á tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá mi ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi sílẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Bi Mize tó máa ń ṣí i kú nígbà tí àpáta ṣì wà ní títì. Ó wá kan Bi Kidawa. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, orí ẹní ló ń jí, orí ẹní ló ń sùn. Oúnjẹ pàápàá ti sú u. Nígbà tó gbọ́ pé òun ló kàn, ó dìde jókòó.

"Mwanakheri."

"Ìyá mi."

"Wọ́n ní èmi ló kàn."

"Ẹ̀yin ni, ìyá."

"Ṣé wàá mú mi débẹ̀? Má tàn mí o. Bí o bá mọ̀ pé o kò ní lè ṣe é, jẹ́ kí n dùbúlẹ̀ mi jẹ́jẹ́."

Mwanakheri di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, ìyá. Ẹsẹ̀ ẹnì kan kò ní ṣáájú tiyín lórí àpáta yẹn. Èmi gan-an ni mo máa dì yín lọ́wọ́ mú."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Bi Kidawa ní kí wọ́n bu ìrẹsì wá fún òun. Gbogbo wa ládùúgbò mọ̀ pé ìlérí yẹn ló ń jẹ, kì í ṣe ìrẹsì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí ìròyìn fi dé pé Àgbà Ìjòyè kan ń bọ̀ láti ìlú ńlá wá wo àwọn erékùṣù. Oorun kò kun Shaame mọ́. Ó pàṣẹ pé òun fúnra òun ni òun máa ṣí àpáta, ní ojú Àgbà Ìjòyè, pẹ̀lú bàtà òun. Ẹ ò rí bàtà náà! Dúdú ni, ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ ń dúró wo irùngbọ̀n ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Imú rẹ̀ gùn dé ibi pé ó máa ń wọlé kí olówó rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà.

Oṣù tuntun lé, omi fà. Shaame ní kí a dúró, kápẹ́ẹ̀tì pupa kò tíì dé. Oṣù mìíràn lé, omi tún fà. Ó ní kí a dúró, kápẹ́ẹ̀tì ti dé ṣùgbọ́n ayàwòrán kò tíì dé. Pweza kì í dúró de kápẹ́ẹ̀tì. Tí abo rẹ̀ bá dàgbà, á yé ẹyin sínú ihò, á jókòó tì wọ́n láìjẹun títí wọ́n á fi pa, lẹ́yìn náà á kú. Bí Mheshimiwa ṣe ń dúró de ayàwòrán ni ọbẹ̀ wa ń kú sínú òkun.

Bi Kidawa kò ríran, ṣùgbọ́n láti orí ẹní rẹ̀ ló ti ń gbọ́ omi.

"Omi ti fà. Ṣé òní ni?"

"Kì í ṣe òní, ìyá."

Á yí ojú sí ògiri. Àwo ìrẹsì á padà bó ṣe wá.

Nígbà tí èyí pọ̀, Mwanakheri ró kanga, aṣọ ìró àwa obìnrin etíkun, èyí tó mọ́ jù nínú tirẹ̀, ó gba ọ́fíìsì lọ. Pandu dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa kọ́kọ́ kí àga o."

"Ṣé ẹni tó ni ín kò sí lórí rẹ̀ ni?"

"Ó wà lórí rẹ̀. Àga ló ṣáájú rẹ̀ dé ọ́fíìsì yìí, ẹ̀gbọ́n. Àgbà ni."

Ó kí àga. Ó kí olówó àga lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, nítorí ti àpáta ni mo ṣe wá. Ìyá ló kàn láti ṣí i."

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá wa."

Shaame wo Pandu. Pandu wo òrùlé.

"Obìnrin yìí," ni Mheshimiwa wí, ó dìde, ó ń rìn kiri kí bàtà rẹ̀ lè máa dún, "Àgbà Ìjòyè ń bọ̀, ẹ fẹ́ kí n gbé arúgbó afọ́jú síwájú rẹ̀, kó máa fi ọ̀pá tọ omi kiri? Gbogbo ayé ń sáré, ẹ̀yin ń wá ẹsẹ̀! Ayé ẹsẹ̀ ti lọ! Ayé bàtà la wà! Bàtà ọ̀làjú! Bàtà ìdàgbàsókè! Bàtà tí òkun fúnra rẹ̀ ti ń retí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a!"

Pandu pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

Mwanakheri dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀wọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. "Shaame, ọmú òsì lo mu o. Má jẹ̀ẹ́ kí ó korò mọ́ ọ lọ́fun."

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí dáhùn, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, kí ẹ sì bá mi ṣe àsítáfúrù, kí Ọlọ́run forí jì wá.

"Ọmú tí mo mu nígbà náà," ni Mheshimiwa wí, "ọmú ìjọba ni."

Pandu tún pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbẹ̀ sọ pé lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ kan kò fẹ́ pàdé èkejì.

Ọjọ́ pé. Wọ́n kan pèpéle onípákó sórí ìyanrìn tó yọ sínú òkun, létí àpáta gan-an. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé àga Mheshimiwa sí àárín. Mheshimiwa ti pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ ojú omi kúrò létíkun, kí wọ́n lọ fara pamọ́ sẹ́yìn igbó inú ẹrẹ̀, kí ìdọ̀tí wọn má baà bọ́ sínú àwòrán. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde nígbà tí òun bá ń sọ̀rọ̀. Ó tún pàṣẹ pé ẹyẹ òkun kò gbọdọ̀ yàgbẹ́ sórí pèpéle. Wọ́n lẹ òfin náà mọ́ igi àgbọn. Àwọn ẹyẹ kà á, wọ́n sì fèsì lójú ẹsẹ̀, sórí ìwé náà.

Àwa obìnrin wà ní èbúté. Wọ́n ní kí a wọ aṣọ tí a lọ̀, kí a máa ṣe híhó ayọ̀ tí Pandu bá ju ọwọ́ sókè, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ àpáta títí bàtà á fi kàn án. Mwanakheri pọn ìyá rẹ̀ wá, ó gbé e jókòó sórí ìyanrìn. Ìyá náà kò tíì mọ̀. Ọmọ rẹ̀ kò rí ẹnu sọ fún un.

"Kí ni wọ́n ń dúró dè?" ni Bi Kidawa ń bi í.

"Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ, ìyá."

"Ta ló ń sọ ọ́?"

"Shaame."

"Háà. Á pẹ́."

Omi ti fà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rí ìhòòhò òkun. Àpáta yọ, ó ń kán omi, oòrùn ń tàn án. Shaame na ọrùn.

"Èmi, Shaame ọmọ Khatib! Èmi tí ìjì ń yà fún lọ́nà! Kí ni òkun yìí kí n tó dé? Omi lásán! Kí ni pweza? Ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí kò mọ ibi tí ó ń lọ, nítorí pé kò ní aṣáájú! Lónìí, mo fún òkun ní alákòóso!"

Pandu ju ọwọ́ sókè, a hó. Ó sọ ti ìgbà ọmọdé rẹ̀, tí kò ṣẹlẹ̀ ní Fumbani mọ́. Ó sọ ti ìrìn àjò rẹ̀. Ó sọ ìtàn bàtà ọ̀tún, ó mu omi, ó bẹ̀rẹ̀ ti òsì.

Gbogbo ẹni tó wà lórí pèpéle, yàtọ̀ sí Àgbà Ìjòyè, ọmọ etíkun ni. Gbogbo wọn mọ̀ pé omi tó bá fà, á padà, àti pé èyí tó fà jìnnà ló ń padà kíákíá. Shaame mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Mheshimiwa pé ó tó? Eléyìí ń wo tọ̀hún. Tọ̀hún ń wo Pandu.

Ìgbì kan wá, ó lá ẹsẹ̀ pèpéle, ó padà. Òmíràn wá, kò padà. Àgbà Ìjòyè, tó ti ń ro oúnjẹ ọ̀sán láti ìdajì ìtàn bàtà ọ̀tún, wo ìsàlẹ̀.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?" ló bi Pandu.

Ibẹ̀ ni Pandu ti lè gba ọ̀gá rẹ̀ là. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ètè rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti ń yìn láti ọjọ́ pípẹ́ wá kò mọ ọ̀nà mìíràn. Ó na ọwọ́ sí omi, ó ké pé: "Mheshimiwa, Mheshimiwa, Mheshimiwa! Òkun ti wá kí yín!"

Inú Shaame dùn dé góńgó. Ó yí ẹ̀yìn sí àwọn àlejò, ó kọjú sí òkun, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ lákọ̀tun.

Láti èbúté, Bi Kidawa gbé orí sókè. Ó gbọ́ omi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí ọmọdébìnrin tó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ké: "Shaame! Omi ń padà o!"

Mheshimiwa gbọ́. Ó dáwọ́ ọ̀rọ̀ dúró. "Ẹ bá mi sọ fún arúgbó yẹn pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń pè mí."

Ẹni tí a pè lẹ́ẹ̀kan tó kọ̀, òkun kì í pè é lẹ́ẹ̀kejì. Omi gun kápẹ́ẹ̀tì. Àgbà Ìjòyè bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ká ṣòkòtò, ó dìde láìtọrọ àyè, ó gba orí ìyanrìn sálọ sí èbúté. Pandu ti wà níwájú rẹ̀. Ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ ti di àjẹ̀ tó fi ń tu omi. Àwọn yòókù rọ́ tẹ̀ lé wọn. Ayàwòrán gbé àpótí ìyàwòrán rẹ̀ lérí, ó sáré.

Shaame nìkan ló kù. Ó yẹ kó sá. Ṣùgbọ́n bàtà kò tíì kan àpáta! Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú omi tó dé itan rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè kí gbogbo wa lè rí i, ó sì gbé e lé àpáta. Imú bàtà gígùn yẹn wọ inú ihò lọ tààrà, ó sì há síbẹ̀. Ó fà á. Ó tún fà á. Omi dé ìgbáròkó. Okùn bàtà ti wú sínú omi, kò ṣeé tú. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n wẹ̀ bí ẹja, ṣùgbọ́n kò sí ẹja tó ń wẹ̀ tòun ti bàtà tó há. A wá ọkọ̀. Ọkọ̀ wà lẹ́yìn igbó.

Omi dé àyà. Gbogbo orúkọ ńlá ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ohùn tó jáde, ohùn ọmọ Fumbani ni.

"Mama! Mama! Mama!"

"Ẹ̀ẹ̀kan ti tó, ọmọ mi," ni Bi Kidawa dáhùn. "Ojú mi ló fọ́, etí mi kò fọ́." Ó tẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́jìká. "Mwanakheri, lọ gbé e wá."

Mwanakheri kò mira. Omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ìyá, orí àpáta ló wà. Bí mo bá lọ, ẹsẹ̀ mi á ṣáájú tiyín. Mo ti fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí fún yín."

"Ta ló ní kí o tẹ̀ ẹ́? Ṣé mi ò kọ́ ọ ní wíwẹ̀ ni?"

Ó wẹ̀ lọ bá a. Mo rí i. Ó na ara rẹ̀ gbalaja lórí omi, kanga rẹ̀ fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan àpáta. Ó wọ abẹ́ omi lọ, ó já okùn bàtà náà, ó yọ ẹsẹ̀ kúrò, ó fi bàtà sílẹ̀ fún ihò. Ó gbé Shaame sẹ́yìn, ó ń wẹ̀ padà bọ̀, ọkùnrin ńlá nínú kóòtù funfun rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó dijú pọ̀ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

Ayàwòrán tí a ti dúró dè láti oṣù tó kọjá ti gbé àpótí rẹ̀ sọ́wọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é ló ṣe. Kò sí ọkọ̀ kankan tó ba àwòrán náà jẹ́.

Wọ́n ní àwòrán yìí dé gbogbo ọ́fíìsì ìlú ńlá kí aṣọ Shaame tó gbẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e lọ ṣàkóso ìletò kan láàárín ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Màlúù kì í pe ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kó tó lọ, ó wá sí ilé Bi Kidawa láìwọ bàtà, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní. Ìyá náà fi ọwọ́ pa á lójú, ó ní, "O ti rù," ó ní kí wọ́n bu pweza fún un. Kò sí pweza nílé. Òun náà mọ ìdí rẹ̀. Ó dojú kọlẹ̀.

Oṣù tuntun mìíràn lé. Lẹ́yìn ìrun Súbùhì ìdájí, omi fà. Bi Kidawa kò lè rìn mọ́ rárá, nítorí náà a wá ohun tí a máa fi gbé e. Àga Mheshimiwa ni òkun ti dá padà fún wa, ìtìmùtìmù rẹ̀ ti já, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le. Pandu ló bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá lé e, ẹnu rẹ̀ tún ya: "Mheshimiwa, Mheshimi…" Gbogbo wa yíjú sí i. Ó gbé ìyókù mì.

Wọ́n sọ àga kalẹ̀ létí àpáta. A dúró sẹ́yìn. Mwanakheri di ìyá rẹ̀ mú lábẹ́ apá, ó gbé e dìde. "Bísímílàhì," ni Bi Kidawa wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ gbígbẹ yẹn lé e. Ó dúró. Omi iyọ̀ yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan, irú èyí tí a máa ń rín tí a bá pàdé ẹni tí a ti rò pé ó kú.

Ó na ọ̀pá síwájú. Ó kan nǹkan tó rọ̀ lẹ́nu ihò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ wò ó. Bàtà Shaame ni, dídán rẹ̀ ti tán. Pweza kan ti sọ ọ́ di ilé, ó fi gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ bo ẹyin tó so mọ́ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ṣé kí n yọ ọ́, ìyá?"

"Ìyá ọmọ ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án." Ó fa ọwọ́ padà jẹ́jẹ́. "Ṣé èmi ni mo kọ́kọ́ dé?"

"Bàtà ló kọ́kọ́ dé, ìyá," ni Mwanakheri dáhùn, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. "Ẹsẹ̀ ẹnì kankan kò ṣáájú tiyín."